Ọkọ̀ Ló Bí I, Kì Í Ṣe Oko: Ìtàn Ilé Iṣẹ́ Ṣúgà Àpápá

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ni mo gbé wá lónìí, orí àtẹ àwọn ìyá wa ní ọjà Boundary l'Ájégúnlẹ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá oníṣúgà já àpò oní 50 kílò. Ó ti agolo mílíìkì bọ inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí agolo kó lè tẹ́, ó dà á sínú ọ̀rá, ó lọ́ ẹnu ọ̀rá, ó ta á ní kókó. Ọmọ tó wá rà á sáré relé lọ fi mu gàrí. Bí ẹ bá bi ìyá yẹn pé níbo ni ṣúgà yìí ti wá, yóò nawọ́ sí ọ̀nà wọ́ọ̀fù, kò sì purọ́. Ilé tí wọ́n ti fọ ṣúgà náà kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìrèké tó bí ṣúgà ọ̀hún ńkọ́? Ilẹ̀ wo ló ti hù? Ní Bràsíìlì ni, lódìkejì òkun. Ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nírọ̀lẹ́ yìí ni pé ilé iṣẹ́ ṣúgà Àpápá, ọkọ̀ ojú omi ló bí i, kì í ṣe oko. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ọkọ̀, kì í ṣe oko. Gbogbo ohun tó dára nínú ìtàn rẹ̀, àti gbogbo ohun tó ń dùn wá nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Kí ló dé tí mo fi ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára oko? Ẹ wo ìrèké tí àwọn ọmọ Hausa máa ń fi bárò tì kiri àdúgbò. Èyí tí wọ́n ti bó láàárọ̀, kó tó di alẹ́, ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á ti pọ́n, ó sì ti ń rùn bí ọtí. Bí ìrèké ṣe rí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gé e tán, adùn inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ṣúgà gbọ́dọ̀ fún omi rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí ilé tí wọ́n ti ń fún ìrèké fi gbọ́dọ̀ wà nínú oko gan-an. Láàárín 1640 sí 1650, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ James Drax wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ṣúgà ṣe dáadáa ní erékùṣù Barbados, ní àgbègbè Kàrìbíánì. Oko ìrèké yí ilé ìfún-ìrèké rẹ̀ ká lọ́tùn-ún lósì. Ìdílé kan náà ló ni oko Drax Hall títí wọ sànmánì tiwa yìí. Ní Kàrìbíánì, oko ló kọ́kọ́ wà, oko ló bí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló bí ọrọ̀ ìdílé.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣiṣẹ́ oko náà? Ẹrú ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ èèyàn wa. Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá. Ilé ìfún-ìrèké kan wà ní agbègbè Matanzas tí wọ́n ń pè ní Triunvirato, ìdílé Alfonso ló ni ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde, wọ́n sì kọjá láti ibẹ̀ lọ sí àwọn oko ìrèké mìíràn. Obìnrin Lucumí kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n pa á nínú ìjà náà. Ní 1975, nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe iṣẹ́ ogun náà. Mo dúró díẹ̀ lórí èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ kí a lọ kọ́ ìwà lọ́dọ̀ àwọn olóko Kàrìbíánì. Ká má rí i. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nínú ṣúgà wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé ìrèké wọn wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Àpápá. Ilẹ̀ tí wọ́ọ̀fù àti ilé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ lónìí, ilẹ̀ ìdílé ni tẹ́lẹ̀. Ìdílé Olóyè Olúwa ti Èkó ló ni ín. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà pé àwọn fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kò gbà kí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ gba ohun ìní baba òun. Ó pe ẹjọ́, ó bá ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre: wọ́n ní ará ìlú ló ni ilẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn fi wọ́n jókòó sórí rẹ̀, nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bó ṣe tọ́. Àwọn baba wa máa ń sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má ní ààlà. Ààlà ìdílé Olúwa hàn gbangba nínú ẹjọ́ yẹn. Láàárín 1921 sí 1926, ìjọba kọ́ èbúté mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá, ọkọ̀ ojú irin sì ń já síbẹ̀. Kí ni ọkọ̀ ojú irin náà ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya? Ẹ̀pà ni, àpò lórí àpò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra ẹ̀pà jọ ní Kánò fún àwọn òyìnbó oníṣòwò ni Alhassan Dantata. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwò obì, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tó ga jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kó tó kú ní 1955.

Kí ló kan ẹ̀pà Dantata kan ṣúgà? Ó kàn án gidigidi. Alhassan Dantata ló bí Sanusi Dantata, Sanusi ló bí ìyá Aliko Dangote. Nígbà tí Aliko Dangote bẹ̀rẹ̀ òwò lẹ́yìn 1975, owó tó yá lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì, ìrẹsì àti ṣúgà wà lára ohun tó ń tà, láti òkè òkun ni wọ́n sì ti ń kó wọn wọlé. Ẹ̀pà baba ńlá gba Àpápá jáde, ṣúgà àrọ́mọdọ́mọ gba Àpápá wọlé. Kí wọ́n tó bí ẹlẹ́mu, ohun kan la ń mu: ṣáájú ọdún 2000, ṣúgà funfun tí òyìnbó ti fọ̀ tán ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń rà, tí a kàn ń tún un pín sínú àpò. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ ìfọṣúgà Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Agbára rẹ̀ nígbà náà tó ọ̀kẹ́ ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lọ́dún, ìyẹn 600,000. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti mú un ju ìlọ́po méjì lọ. Oníṣòwò tó ń ra ṣúgà wọlé ló di ẹni tó ń fọ ṣúgà. Ẹ rí i pé kò sí oko kankan nínú ìtàn yìí títí di báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ ṣúgà gan-an? Ohun tí ọkọ̀ ń gbé wá kì í ṣe ìrèké, nítorí ìrèké á ti kan kó tó la òkun kọjá. Wọ́n ti fún un, wọ́n ti sè é di hóró ní oko Bràsíìlì. Ṣúgà pupa ni wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ láìdì í sí àpò, òkìtì rẹ̀ dà bí iyanrìn tí ọ̀rinrin mú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, oje dúdú ìrèké ṣì bò ó lára. Ní Àpápá, wọ́n á kọ́kọ́ fọ oje dúdú yẹn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á wá yọ́ ṣúgà náà sínú omi gbígbóná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yọ àwọ̀ inú rẹ̀ títí omi ṣúgà náà á fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sè é nínú ìkòkò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kó lè hó láìjóná. Bó ṣe ń hó ni hóró funfun á máa yọjú. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì gbọ̀n ọ́n, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi fítámì A sí i bí òfin ilẹ̀ wa ṣe pàṣẹ, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú àpò. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Bí mo ṣe so ilé iṣẹ́ yìí mọ́ ìdílé Dantata, ẹnìkan lè sọ pé, ṣé ilé iṣẹ́ ìdílé wá nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé láti 2007 ni ìpín rẹ̀ ti wà lọ́jà ìdókòwò tí tẹrú-tọmọ ń rà á? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ilé iṣẹ́ Dangote ló ṣì ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìpín náà. Ẹni tó bá mú èkù ọkọ́ dání ló mọ ibi tí òun ń kọ ebè sí. Kì í sì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo. Flour Mills, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960 tó sì ń lọ fúláwà l'Àpápá láti 1962, ìdílé Coumantaros tí wọ́n jẹ́ ọmọ Gíríìsì ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn náà ní ilé iṣẹ́ ìfọṣúgà l'Àpápá. BUA bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó ní 2008; Abdul Samad Rabiu ló ni ín, ọmọ Isyaku Rabiu, oníṣòwò Kánò. Ìdílé mẹ́ta, oníṣòwò ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn, etí omi ni gbogbo wọn sì jókòó sí. Ẹni tí òwò bí, ibi tí ọjà ti ń gúnlẹ̀ ni yóò kọ́lé sí.

Òmíràn á ní, kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣúgà wà lọ́jà, àwọn èèyàn rí iṣẹ́ ṣe, kí ló kàn wá bóyá Bràsíìlì ni ìrèké ti hù àbí Ìkòròdú? Mo gbà pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà pé fífọ ṣúgà nílé sàn ju ríra èyí tí wọ́n ti fọ̀ tán. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra ṣúgà pupa. Nígbà tí ìjọba tú okùn ọrùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kí ló ṣẹlẹ̀? Náírà já wálẹ̀, iye tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ṣúgà kan sì fò sókè. Ilé iṣẹ́ ìfọṣúgà Dangote, bó ṣe tóbi tó yìí, kéde pé àdánù lòun jẹ lọ́dún náà, pàṣípààrọ̀ owó ló sì dá kún un jù. Bí àdánù bá lè kan erin lára, ẹ wo ohun tí yóò fi ìyá oníṣúgà ṣe. Agolo tó ń wọ̀n kò yí padà, ṣùgbọ́n owó tó fi ra àpò yí padà lóṣù kan náà. Ẹ bi í léèrè bóyá ibi tí ìrèké ti hù kò kàn án.

Ó wá ku àwọn tí yóò sọ pé, a ti ní oko rí, kí la rí gbà níbẹ̀? Òótọ́ ni. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ ṣúgà Bacita sílẹ̀ ní 1961, létí odò Ọya nítòsí Jẹ́bà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ṣúgà ní 1964. Wọ́n dá Savannah sílẹ̀ ní Numan, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, wọ́n sì sé odò Gongola ní Kiri kí ìrèké lè rómi mu. Oko wà, omi wà, ẹ̀rọ wà, síbẹ̀ méjèèjì dẹnu kọlẹ̀. Ṣé ìrèké ló jẹ̀bi? Rárá o. Ohun èlò tó bàjẹ́ kò rí pààrọ̀, owó kò dé lásìkò, ṣúgà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun sì ń wọlé bí omi. Ìrèké ń fẹ́ ẹni tí yóò fi bí ọdún kan dúró tì í kó tó gé e, tí yóò sì tún padà bomi rin ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba tó ń pààrọ̀ alága ilé iṣẹ́ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ kò lè ṣe irú ẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí àǹfààní ìdílé tó ní ilé iṣẹ́: ó lè ní sùúrù, nítorí ó ń ronú ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìjọba ta Savannah fún Dangote. Ní 2020, wọ́n da Numan àti Àpápá pọ̀ di ilé iṣẹ́ kan. Ọkọ̀ fẹ́ oko nìyẹn.

Ṣé ìgbéyàwó náà ti so èso? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 2013, ètò ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ tó sọ fún àwọn tó ń fọ ṣúgà pé: ẹ̀dínwó yóò wà lórí owó ibodè ṣúgà pupa yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbin ìrèké. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi sí i pé a ó máa ṣe èyí tó tó wa jẹ. Dangote dojú kọ Numan. Flour Mills lọ sí Sunti nítòsí Mokwa, létí odò Ọya, wọ́n sì ṣí i ní 2018. BUA mú Lafiagi ní Kwara. Ní 2021, awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀. Dangote àti Flour Mills kọ̀wé sí ìjọba pé ilé iṣẹ́ tuntun tí BUA kọ́ sí Port Harcourt yóò ba ètò oko jẹ́. BUA fèsì pé ohun tó ń dùn wọ́n ni pé òun fẹ́ kí owó ṣúgà wálẹ̀. Mi ò ní bá wọn dá ẹjọ́ náà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé orí ẹ̀tọ́ láti kó ṣúgà pupa wọlé ni ìjà náà dá lé. Ọdún 2023 dé, ó kọjá, ṣúgà tó ti inú oko wa jáde kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a ń jẹ. Ìjọba tún ètò náà gbé di 2033. Èrò tèmi ni pé ẹ̀dínwó owó ibodè yẹn ti dùn jù fún àwọn tó ń gbà á. Ẹni tó ń jèrè lórí ọkọ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá sí oko tí yóò ná an lówó fún ọdún mélòó kan kó tó jèrè. Ó yẹ kí iye ìrèké tí olúkúlùkù gbìn ní tòótọ́ máa pinnu iye ọkọ̀ tí yóò já l'Àpápá, kí wọ́n sì máa lọ wọn ilẹ̀ náà lójú oko, kì í ṣe lórí ìwé.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, Kàrìbíánì tó ní oko ńkọ́, ṣebí ṣúgà wọn náà ti parun? Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ọ̀pọ̀ ibi. Kúbà ti nǹkan bí ìdajì àwọn ilé ìfún-ìrèké rẹ̀ ní 2002. Trinidad ti Caroni, ilé iṣẹ́ ṣúgà rẹ̀, pa ní 2003. St. Kitts, tó ti ń gbin ìrèké fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, dáwọ́ dúró ní 2005. Kí ló dé? Erékùṣù ni wọ́n, ẹnu tó wà nílé kò tó láti jẹ ṣúgà wọn. Àwọn àjèjì tó ń rà á ló gbé wọn ró, nígbà tí àwọn yẹn sì yíwọ́ padà, oko dahoro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tiwa wé e. Wọ́n ní oko, wọn kò ní ọjà. Àwa ní ọjà, a kò ní oko. Bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tọ́ọ̀nù ni à ń lò lọ́dún, nínú búrẹ́dì, nínú mínírà, nínú ẹ̀kọ, lórí àtẹ ìsọmọlórúkọ. Ohun tó pa wọ́n kò lè pa wá, bí a bá gbin tiwa.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí oko bá wá pọ̀ lọ́jọ́ kan, ṣé kí wọ́n ti Àpápá pa, kí tírélà dínkù lójú pópó wa? Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ èèyàn á dùn sí i, nítorí ojú wa ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ tírélà, kó tó di pé Dangote àti Flour Mills dá owó jọ ní 2017 láti tún Wharf Road l'Àpápá ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé ìrèké. Nígbà tí òjò bá dé sí Numan, ilẹ̀ á rọ̀, ọkọ̀ kò ní lè wọ oko, ìrèké náà á padà bẹ̀rẹ̀ sí hù, adùn rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ̀rọ ìfún-ìrèké á dákẹ́ fún oṣù mélòó kan. Àpápá kò ní irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ṣúgà pupa kì í kan bí ìrèké, ó ṣeé tọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí èyí tí wọ́n kó jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti Numan, Sunti àti Lafiagi bá pọ̀ tó, Àpápá lè máa fọ̀ ọ́ jálẹ̀ ìgbà òjò, ọjọ́ tí ọkọ̀ Bràsíìlì kò bá sì gúnlẹ̀, owó àpò ṣúgà kò ní tìtorí rẹ̀ fò sókè ní Boundary.